Thunderbird yín ò gba ímeèlì mọ́? Ẹ má tíì yọ àkáǹtì yẹn o

Alẹ́ Sátidé kan báyìí ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Ìbàdàn, ó ní Thunderbird òun, ètò tóun fi ń ka ímeèlì lórí kọ̀ǹpútà, ti ya wèrè, ímeèlì ò wọlé láti ọjọ́ mẹ́ta, èyí tóun fẹ́ fi ránṣẹ́ gan-an ò lọ. Kí n tó sọ pé ẹ ṣe sùúrù ná, ó ti ní ọmọ kan ládùúgbò ti bá òun yọ àkáǹtì náà kúrò, pé táwọn bá tún un fi sí i gbogbo ẹ̀ á lọ déédéé. Wọ́n tún un fi sí i, kò lọ. Èyí tó wá burú jù ni pé lẹ́tà ọdún mẹ́fà ti pòórá lójú ẹ̀, torí POP ni wọ́n fi ṣètò ímeèlì yẹn, ìyẹn ètò tó ń kó lẹ́tà wá sínú kọ̀ǹpútà, kò sí ẹ̀dà kankan níbòmíì àfi nínú kọ̀ǹpútà yẹn.

Ṣé ẹ mọ ohun tó fà á látìbẹ̀rẹ̀? Aago. Bátìrì kékeré inú kọ̀ǹpútà ti kú, NEPA mú iná lọ, nígbà tí iná fi máa dé kọ̀ǹpútà ti gbà pé ọdún 2015 la wà. Thunderbird ò ṣẹ ẹnì kankan.

Torí irú àwọn bíi ẹ̀gbọ́n mi yìí ni mo ṣe ń kọ ọ́, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà Windows kan nílé, tó ń fi Thunderbird ka ímeèlì, tí ò sì rí ẹni pè lálẹ́. Bó bá jẹ́ Outlook lẹ ń lò, bẹ́ ẹ ṣe máa wá ìdí ọ̀rọ̀ náà ò yàtọ̀, orúkọ bọ́tìnnì ló máa yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé Thunderbird dà bí ọmọ tẹ́ ẹ ń rán lọ sílé ìfìwéránṣẹ́. Ilé ìfìwéránṣẹ́ yẹn la ń pè ní sáfà. Tọ́mọ bá padà wá lọ́wọ́ òfo, ó lè jẹ́ pé kò sí lẹ́tà níbẹ̀ lóòótọ́, ó lè jẹ́ pé ọ̀nà ò dáa, ó lè jẹ́ pé wọn ò jẹ́ kó wọlé, ó sì lè jẹ́ pé ara ọmọ gan-an ni ò yá. Ẹ ò ní torí ẹ̀ lé ọmọ jáde nílé. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe nìyẹn, wọ́n á yọ àkáǹtì, wọ́n á yọ Thunderbird, wọ́n á tún un dáùnlóòdù, dátà á tán, àìsàn náà á ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ ṣe ẹ̀dà ná

Ẹ pa Thunderbird pátápátá. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R lórí kíbọ́ọ̀dù, àpótí kékeré kan á yọ, ẹ tẹ èyí sínú ẹ̀: %APPDATA%\Thunderbird\Profiles, kẹ́ ẹ wá tẹ Enter. Ẹ máa rí fódà kan tórúkọ ẹ̀ rí wúruwùru, lẹ́tà àti nọ́ńbà tó dà pọ̀, tí default-release sì wà ní ìparí ẹ̀. Inú ibẹ̀ ni gbogbo ẹrù yín wà, lẹ́tà, àdírẹ́sì àwọn èèyàn, páswọ́ọ̀dù. Ẹ kọ́pì ẹ̀ lódindi sórí flash.

Bí flash bá kọ̀, tó ní fáìlì ti tóbi jù nígbà tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé àyè ṣì wà lórí ẹ̀, FAT32 ni wọ́n máa fọ́máàtì ẹ̀ sí, irú ìyẹn kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá ti tó 4 GB. Thunderbird sì rèé, gbogbo lẹ́tà tó wà nínú fódà kan, fáìlì kan ṣoṣo ló ń dì wọ́n pọ̀ sí, tí Inbox èèyàn bá ti pẹ́, 4 GB ò jìnnà. Ẹ fọ́máàtì flash yẹn sí exFAT, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ kó ohun tó wà lórí ẹ̀ kúrò. Ẹ má sì gbé flash yìí lọ tẹ̀wé ní kafé o, páswọ́ọ̀dù yín wà nínú ẹ̀.

Fódà Profiles yìí ló yọ ẹ̀gbọ́n mi. Tẹ́ ẹ bá ń yọ àkáǹtì kúrò, Thunderbird máa ń béèrè bóyá kóun pa lẹ́tà rẹ́ pẹ̀lú, ibẹ̀ ni wọ́n kọ Remove message data sí. Ọlọ́run bá wa ṣé e, ọmọ àdúgbò yẹn ò máàkì ẹ̀. Fáìlì tí wọ́n ń pè ní Inbox ṣì wà nínú fódà Mail níbẹ̀ yẹn, mo ní kó pa Thunderbird, kó kọ́pì fáìlì yẹn sínú Local Folders tó wà nínú Mail náà, kó sọ ẹ̀dà náà ní orúkọ míì, a pè é ní Atijo, láìfi àmì sí i. Bó ṣe ṣí Thunderbird padà, ọdún mẹ́fà jókòó síbẹ̀ pérépéré. Ó ké.

Ẹ lọ sílé ìfìwéránṣẹ́ fúnra yín

Ẹ ṣí bíráúsà, ẹ wọ ímeèlì yín níbẹ̀, Gmail ni o, Yahoo ni o. Tí lẹ́tà tẹ́ ẹ ń retí bá wà níbẹ̀ tí ò sí nínú Thunderbird, ẹ ti mọ̀ pé ilé yín lọ̀rọ̀ wà. Tí kò bá sí níbẹ̀ náà, ẹ fi Thunderbird sílẹ̀, ẹ̀bi ẹ̀ kọ́. Ẹ wo Spam, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wo bóyá àyè ti kún. Google ń fún èèyàn ní 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ Gmail, Drive àti Photos ló jọ ń pín in, fídíò ìsìnkú tí fóònù yín ń gbé lọ síbẹ̀ fúnra ẹ̀ ló máa ń jẹ ẹ́ tán, tó bá sì ti kún, ímeèlì tuntun ò ní wọlé mọ́, ńṣe ni wọ́n á máa dá a padà fẹ́ni tó fi ránṣẹ́. Ẹ pa fídíò yẹn rẹ́, ẹ lọ da Trash nù pẹ̀lú, torí ohun tó wà nínú Trash ṣì ń gba àyè.

Aago àti ọ̀nà

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà lápá ọ̀tún, ṣé déètì òní ló wà níbẹ̀? Má rò pé nǹkan kékeré ni, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bú àwọn kan torí ẹ̀. Sáfà máa ń fi ìwé ẹ̀rí kan han Thunderbird kó lè mọ̀ pé òun gan-an ni, ìwé ẹ̀rí yẹn sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Tí kọ̀ǹpútà yín bá rò pé 2015 la wà, á ní ìwé tí wọ́n ṣe lọ́dún yìí ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ayédèrú ni, kò ní gbà. Bíráúsà náà á máa pariwo pé wẹ́ẹ̀bù yìí ò ṣeé fọkàn tán, ibẹ̀ lẹ ti máa fura.

Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ aago yẹn, ẹ wọ Adjust date and time, ẹ tan Set time automatically, kẹ́ ẹ rí i pé àgbègbè yín ló wà ní Time zone, ti Nàìjíríà ni West Central Africa, UTC+01:00. Tó bá ń padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti yọ wáyà ẹ̀ lára iná, bátìrì ni, CR2032 lorúkọ ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ó rí pẹlẹbẹ bíi kọ́ìnì, ẹni tó ń tún aago ṣe máa ń ní in. Ti láptọ́ọ̀pù, ẹ gbé e fẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tú.

Lẹ́yìn aago, ẹ wo inú Thunderbird. Ẹ tẹ Alt kí File lè yọ lókè, ẹ wọ File, Offline, kẹ́ ẹ wo Work Offline. Tí máàkì bá wà níwájú ẹ̀, ẹ yọ ọ́. Èèyàn á ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, á wá máa bú MTN lọ́jọ́ mẹ́ta gbáko.

Yálà fóònù lẹ fi ń ṣe hotspot tàbí Wi-Fi ibì kan lẹ ń lò, ẹ gbìyànjú látọ̀dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì míì. Wi-Fi ọ́fíìsì tàbí ti òtẹ́ẹ̀lì máa ń jẹ́ kéèyàn wo wẹ́ẹ̀bù kí wọ́n sì ti ọ̀nà tí ímeèlì ń gbà, á wá dà bíi pé Thunderbird nìkan ló bàjẹ́.

Ilẹ̀kùn: páswọ́ọ̀dù àti nọ́ńbà

Tí aago dáa, tí ọ̀nà dáa, ẹ ka ohun tí Thunderbird ń sọ. Mo mọ̀ pé a kì í fẹ́ kà á, a máa ń yára tẹ OK kó lè kúrò lójú wa, àmọ́ inú ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Tó bá kọ timed out, kò rí ọ̀nà dé sáfà. Tó bá dárúkọ certificate, ẹ padà sídìí aago. Tó bá ní authentication tàbí login failed, ó dé ẹnu ọ̀nà, wọn ò jẹ́ kó wọlé.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ló pọ̀ jù lóde báyìí, páswọ́ọ̀dù yín sì lè tọ̀nà délẹ̀délẹ̀ kí wọ́n ṣì kọ̀ ọ́. Látijọ́ èèyàn á kan tẹ páswọ́ọ̀dù Gmail ẹ̀ sínú Thunderbird, ó tán. Google ti fòpin síyẹn fáwọn àkáǹtì aládàáni láti 30 oṣù Karùn-ún 2022, Microsoft náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún Outlook.com àti Hotmail ní 16 oṣù Kẹsàn-án 2024. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ báyìí ni OAuth2, ìyẹn ni pé fèrèsé Google fúnra ẹ̀ á ṣí, ẹ̀yin á wọlé níbẹ̀, Google á wá fún Thunderbird ní káàdì tó máa fi ń wọlé, kò ní mọ páswọ́ọ̀dù yín rárá. Àkáǹtì tẹ́ ẹ ti ṣètò láti ọdún gbọ́ọ́rọ́, ti àtijọ́ ló ṣì ń lò títí tẹ́ ẹ fi máa yí i.

Bẹ́ ẹ ṣe máa yí i nìyí. Ẹ tẹ Alt, ẹ wọ Tools, Account Settings, lábẹ́ orúkọ ímeèlì yín ẹ tẹ Server Settings. Fún Gmail tí wọ́n fi IMAP ṣètò, ìyẹn èyí tí lẹ́tà ń dúró sí sáfà tí Thunderbird kàn ń gbé ẹ̀dà ẹ̀ wá, ohun tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀:

Server Name: imap.gmail.com
Port: 993
Connection security: SSL/TLS
Authentication method: OAuth2
User Name: ímeèlì yín lódindi, pẹ̀lú @gmail.com

Lẹ́yìn náà ẹ sọ̀ kalẹ̀ lápá òsì pátápátá sí Outgoing Server, ẹ tẹ Edit: smtp.gmail.com, 465 pẹ̀lú SSL/TLS, tàbí 587 pẹ̀lú STARTTLS, OAuth2 níbẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń yí tìwọlé tí wọ́n á gbàgbé tìjáde, lẹ́tà á máa wọlé, kò ní jáde. Ti Yahoo, imap.mail.yahoo.com àti smtp.mail.yahoo.com, 993 àti 465.

Kò tíì tán o. Páswọ́ọ̀dù àtijọ́ ṣì wà nínú àpò ọmọ, á tún máa yọ ọ́. Ẹ wọ Settings, Privacy & Security, Saved Passwords, ẹ yọ gbogbo èyí tó bá ti jẹ́ ti Gmail yẹn. Níbẹ̀ náà, ẹ wò ó pé máàkì wà níwájú Accept cookies from sites, torí tí kò bá sí, fèrèsé Google á ṣí, á tún pa dé, ẹ ò ní mọ ohun tó ṣe é. Ẹ pa Thunderbird, ẹ tún un ṣí, ẹ tẹ Get Messages, fèrèsé á yọ, ẹ wọlé, ẹ gbà.

Tí Thunderbird yín bá ti gbó débi pé kò ní OAuth2 rárá, tí kọ̀ǹpútà sì ti gbó ju kó gba tuntun lọ, Google ṣì ń fúnni ní app password, lẹ́tà 16 tẹ́ ẹ máa lò dípò páswọ́ọ̀dù gidi, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti tan 2-Step Verification ná. Yahoo náà ní irú ẹ̀.

Ó ń wọlé, kò jáde

Ẹ wo Outbox. Lẹ́tà kan tó há síbẹ̀ lè jẹ́ kó dà bíi pé gbogbo ẹ̀ ló há. Lọ́pọ̀ ìgbà fáìlì tẹ́ ẹ so mọ́ ọn ló tóbi jù. Gmail ní 25 MB lòpin, ṣùgbọ́n ohun tí wọn kì í sọ fún yín ni pé fáìlì máa ń wú tó bá ń gba inú ímeèlì lọ, á fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta lé sí i, torí náà fáìlì 20 MB tẹ́ ẹ rò pé kò tó nǹkan ti kọjá 25 nígbà tó fi máa dé ọ̀hún. Ẹ gbé e sí Drive, kẹ́ ẹ fi líǹkì ránṣẹ́.

Èyí tó tún máa ń dẹ́rù ba èèyàn: lẹ́tà á há síbi Copying message to Sent folder, á máa yí, á máa yí. Ẹ má tún un fi ránṣẹ́! Lẹ́tà yẹn ti lọ, ẹ̀dà tó fẹ́ tọ́jú ló ń gbé gòkè. Ẹ wo Sent nínú bíráúsà, ẹ máa rí i. Mo mọ ẹnì kan tó fi ìwé ìwáṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́jọ́ kan torí èyí. Gmail máa ń tọ́jú ẹ̀dà fúnra ẹ̀, torí náà tó bá jẹ́ Gmail, ẹ wọ Account Settings, Copies & Folders, ẹ yọ máàkì níwájú Place a copy in. Ẹ ò ní rán fáìlì kan náà lẹ́ẹ̀mejì mọ́, dátà yín á sì pẹ́ sí i.

Port 25 tẹ́ ẹ bá rí níbì kankan nínú Outgoing Server, ẹ yí i sí 587 tàbí 465, àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì máa ń ti 25 torí àwọn oníjìbìtì.

Lẹ́tà pòórá, tàbí ó rí rádaràda

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀yin lẹ fi nǹkan bò ó. Quick Filter tó wà lókè, tẹ́ ẹ bá ti tẹ Unread níbẹ̀ tẹ́ ẹ sì gbàgbé, gbogbo lẹ́tà tẹ́ ẹ ti kà á lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ padà.

Tó bá jẹ́ pé ẹ tẹ lẹ́tà kan ni tó sì ń ṣí òmíì, tàbí fódà ṣófo bẹ́ẹ̀ ó ní lẹ́tà 300 ló wà níbẹ̀, ìwé àtọ́ka fódà yẹn ló bàjẹ́, lẹ́tà gan-an ò ṣe nǹkan kan. Iná tó ń lọ lójijì ló máa ń fa èyí jù. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ fódà yẹn, Properties, Repair Folder. Tó bá jẹ́ IMAP, ẹ mọ̀ pé ó lè tún lẹ́tà yẹn dáùnlóòdù látìbẹ̀rẹ̀ o, Inbox 3 GB á jẹ dátà 3 GB, ẹ dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá wà lórí Wi-Fi tẹ́nì kan ń san owó ẹ̀. Tó bá kọ̀, ẹ pa Thunderbird, ẹ wọ inú fódà Profiles yẹn, nínú Mail tàbí ImapMail, ẹ máa rí Inbox àti Inbox.msf. Èyí tó ní .msf ni ìwé àtọ́ka, ẹ pa á rẹ́, òmíì á hù tẹ́ ẹ bá ṣí i. Èyí tí ò ní ìrù, ẹ má fọwọ́ kàn án láéláé, lẹ́tà yín nìyẹn.

Lẹ́tà tẹ́ ẹ pa rẹ́, kò kúrò nínú fáìlì náà, wọ́n kàn fa ìlà sí i ni. File, Compact Folders ló ń gbá a dànù, fáìlì á fúyẹ́, Thunderbird á yára. Ẹ ṣe é nígbà tí iná bá dúró ṣinṣin tàbí tí bátìrì láptọ́ọ̀pù bá kún, kí iná má lọ láàárín ẹ̀.

Kò ṣí rárá

Tó bá ní Thunderbird is already running, èyí tó wà tẹ́lẹ̀ ò kú tán. Ctrl, Shift àti Esc lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wá Thunderbird nínú ohun tó yọ, End task. Tó bá ṣì ń sọ ọ́, ẹ rísítáàtì kọ̀ǹpútà, tó bá tún kọ̀, fáìlì parent.lock wà nínú fódà Profiles yẹn, ẹ pa á rẹ́, kì í ṣe lẹ́tà.

Tó bá ń ṣí tó sì ń gan, ẹ di Shift mú kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, Troubleshoot Mode á yọ, ẹ jẹ́ kó ṣí bẹ́ẹ̀. Tó bá yá dáadáa níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn àfikún tẹ́ ẹ kó sí i ló ń dà á láàmú, ẹ wọ Add-ons and Themes, ẹ máa pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Áńtífáírọ́ọ̀sì náà ní tiẹ̀. Ẹ rántí pé fáìlì kan ni gbogbo Inbox. Tó bá rí fáírọ́ọ̀sì nínú lẹ́tà kan ṣoṣo, ó lè kó fáìlì yẹn lódindi lọ sátìmọ́lé, Inbox yín á ṣófo lójijì. Ẹ wo Quarantine ẹ̀, ẹ dá a padà, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé kó má wọ inú fódà Profiles mọ́. Àwọn kan á ní ìyẹn léwu, àmọ́ fáìlì tẹ́ ẹ bá yọ kúrò lára lẹ́tà tẹ́ ẹ sì tọ́jú síbòmíì, ó ṣì máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí ò sì lọ, ìgbà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́tun, láìpa ti àtijọ́ rẹ́: bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ tẹ thunderbird.exe -P, ẹ tẹ Create Profile, ẹ fún un lórúkọ, ẹ fi ímeèlì yín sínú ẹ̀. Ti àtijọ́ á wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́. Ẹ fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí ara yín, ẹ so fọ́tò kékeré kan mọ́ ọn. Tó bá jáde tó sì wọlé, ẹ pa Thunderbird, ẹ tún un ṣí lẹ́ẹ̀kan sí i kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ṣì ń gbà, kẹ́ ẹ tó gbé flash yẹn kúrò lára kọ̀ǹpútà.